Ìgbà tí Mo Di Odi ní Ìlú Salamanca

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n èmi tìkára mi kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ títí mo fi kọjá òkun, tí mo sì di ẹni tí kò ní ohùn. Ọ̀rọ̀ bí mo ti lọ kọ́ èdè Sípéènì ní ìlú Salamanca ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ọ̀rọ̀ ohun kan tí mo ti ṣe kí n tó lọ, tí ìrìn àjò náà sì mú wá sí ìrántí mi.

Ọdún 11 gbáko ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé ìjọ kan kí n tó rin ìrìn àjò yìí. Mo ti ní in lọ́kàn láti kọ́ èdè kan sí i, kí n lè máa ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀. Mo ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, àwọn ará ilé mi sì fi tiwọn kún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni mo wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Madrid. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Salamanca, tí ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí i. Ìlú náà wà lẹ́bàá odò kan tí à ń pè ní Tormes. Afárá òkúta kan wà lórí odò náà tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ kọ́ apá kan rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí rẹ̀ títí di òní. Òkúta tí a fi kọ́ àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ ní àwọ̀ bí ti oyin. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, gbogbo ìlú a máa tàn bí wúrà. Ọba Alfonso kẹsàn-án ti ilẹ̀ León ni ó dá Yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1218.

Lára ògiri iwájú Yunifásítì náà, láàárín àwọn ère tí ó kún ibẹ̀ bí ewé inú igbó, àkèré kékeré kan wà tí a gbẹ́ sórí agbárí òkú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wí pé ẹni tí ó bá rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án yóò yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dúró níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, n kò sì rí i. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìwé kíkà ni ó ń mú ènìyàn yege, kì í ṣe àkèré. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ojú mi yóò rí ní ìlú náà ju ìdánwò lọ.

Mo gba yàrá kan ní ilé opó kan tí ó ti lé ní 70 ọdún. Oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí pé mo ti kúrò nílé. Ní òwúrọ̀, búrẹ́dì tí a da òróró ólífì sí àti kọfí ni a ń jẹ, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ ọ̀sán kò ní í délẹ̀ títí agogo méjì ààbọ̀ yóò fi lù, ti alẹ́ ni agogo mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, nígbà tí àwọn ará ilé wa ti sùn. Láàárín àkókò wọ̀nyí ebi a máa pa mí bí ẹni tí ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ náà bá dé, ó tó ohun tí à ń dúró dè: ẹyin tí a fi pòtétò dín títí ó fi nípọn bí ìrọ̀rí kékeré, tàbí irú ẹ̀wà róbótóróbótó kan tí wọ́n ń pè ní garbanzos, tí a sè pẹ̀lú ẹran. Ata wọn nìkan ni ó tàn mí jẹ. Mo rí ata lílọ̀ kan nínú agolo, ó pọ́n bí iná. Mo bu síbí méjì sínú ọbẹ̀ mi pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Kò ta rárá. Ìyá onílé wo ọbẹ̀ pupa náà, ó wò mí, ó sì mi orí.

Mo fẹ́ràn bí wọ́n ti ń kí ara wọn. Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà yóò kọ́kọ́ kí àwọn tí ó bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò mọ ẹnìkan nínú wọn rí. Bí ẹni kan bá sì kọjá lẹ́bàá ẹni tí ń jẹun, yóò wí fún un pé kí oúnjẹ náà ṣe é lóore. Ní ìrọ̀lẹ́, tọmọdé tàgbà a máa jáde sí gbàgede ńlá àárín ìlú, tí wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀ ní ọdún 1755, wọn a máa rìn yí i ká, wọn a máa pàdé ara wọn lábẹ́ agogo ńlá tí ó wà níbẹ̀. Mo wí fún ara mi pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò jìnnà sí wa púpọ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín nípa èdè náà, nítorí ẹ̀yin olùkọ́ yóò gbádùn rẹ̀. Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti kà á, nítorí bí a ti kọ ọ́ ni a ń pè é, fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni ó sì ní. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ni ó ń dá ènìyàn lágara. Àwa a máa wí pé “mo lọ, o lọ, ó lọ,” ọ̀rọ̀ náà kò sì yípadà; ṣùgbọ́n nínú èdè wọn, bí ẹni tí ń lọ ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yàtọ̀. Gbogbo nǹkan ni wọ́n tún pín sí akọ àti abo. Ìwé jẹ́ akọ, tábìlì jẹ́ abo. Ọwọ́ ènìyàn jẹ́ abo, ọjọ́ sì jẹ́ akọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi tí mo ti èdè wá tí ó ń fi “ó” kan ṣoṣo pe bàbá, ìyá àti àpótí, ẹ wo bí orí mi yóò ti rí!

Síbẹ̀ èdè abínibí mi gbà mí níbi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ti lè gbà mí. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ní fún ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: wọ́n ní ser fún ohun tí ènìyàn jẹ́, wọ́n sì ní estar fún ibi tí ó wà tàbí ipò tí ó wà. Àwọn tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nínú wa jìyà lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fún oṣù púpọ̀. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀, mo wí nínú ọkàn mi pé “jẹ́” àti “wà” ni ó ń sọ yìí. Èmi jẹ́ olùkọ́. Èmi wà ní Salamanca. Wọn kò bá ara wọn mu ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n wọ́n bá ara wọn mu tó láti mú mi débi tí mo ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ ni yìí ní ìgbésí ayé mi tí èdè Yorùbá ràn mí lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Kí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́? Ìbéèrè yìí bà mí lọ́kàn jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo tì í sí apá kan.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ méjì bí tiwa fún pípe ènìyàn: tú fún ẹgbẹ́ ẹni, usted fún àgbà. Ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ ti yípadà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ wa ní tú, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú. Ìyá onílé pàápàá bẹ̀ mí pé kí n máa pe òun ní tú. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, ahọ́n mi sì wúwo bí òkúta. Báwo ni ọmọ tí a bí re yóò ti máa wí fún ẹni tí ó tó ìyá rẹ̀ pé “Ìwọ, ṣé o ti jí?” Mo padà sí usted, mo sì dúró lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Àṣìṣe mi kò níye. Ọ̀rọ̀ wọn fún ajá àti ọ̀rọ̀ wọn fún “ṣùgbọ́n” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí a bá ti gbọn lẹ́tà r inú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn wà, ahọ́n mi kò sì gbọ̀n. Èyí tí ó burú jù ni ti cansado àti casado. Ẹni tí ó rẹ̀ ni cansado. Ẹni tí ó ti gbé ìyàwó ni casado. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo ń wí fún ìyá onílé pẹ̀lú ojú tí ó rọ̀ pé mo ti gbé ìyàwó. Ó ní sùúrù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó bi mí bóyá ìyàwó náà ni ó fà á tí n kò fi ní ayọ̀. Nígbà tí ó yé wa, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín. Ní ọ́fíìsì kan tí mo lọ nítorí ìwé ìgbélùú mi, akọ̀wé ibẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ mi, kò yé mi. Ó tún un sọ kíkankíkan bí ẹni pé adití ni mí. Ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sì yí ojú sí àwọn tí ó tò sẹ́yìn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń dúró níwájú 40 ọmọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pè láti darí ètò níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní ìlú mi! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ sá kúrò ní orí mi. Mo kó ìwé mi, mo jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́. Mo ń gbọ́ ohun tí ó tó ìdajì ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó to èsì mi pọ̀, kí n yan akọ tàbí abo, kí n wá ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó yẹ, àwọn ènìyàn ti kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ìyá onílé ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ mi ní rere, mo sì gbọ́ tí ó wí pé mo jẹ́ callado. Mo wọ yàrá lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Mo jókòó lórí ibùsùn mi fún ìgbà pípẹ́. Ó lo ser, kò lo estar: kò wí pé mo dákẹ́ lọ́jọ́ yìí, ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni a ti dá mi.

Olùkọ́ wa ni ó fà mí jáde nínú kòtò náà. Ọmọdébìnrin ni, mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ṣe àṣìṣe, kì í wí pé ó ṣì í. Yóò gbọ́ ọ dé òpin, yóò fi orí dáhùn, lẹ́yìn náà ni yóò sọ gbólóhùn kan náà bí ó ti tọ́, bí ẹni pé òun kàn ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ẹni tí ó ṣì í yóò gbọ́ ọ, yóò sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó kíyèsí i pé n kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò pè mí dìde níwájú àwọn yòókù. Ó dá mi dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó ní kí n sọ bí a ti ń gun iyán fún òun. Ta ni ó lè dákẹ́ nígbà tí a bá bi í ní ọ̀rọ̀ iyán? Mo fi ọwọ́ gún, mo fi ẹnu sọ, mo ṣe àṣìṣe bí 50. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó tún mú wa lọ wo iyàrá ìkàwé àtijọ́ kan ní Yunifásítì náà. Pákó líle tí a kò fá dáradára ni ìjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ni àlùfáà Luis de León ti ń kọ́ni. Ní ọdún 1572 ni a mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ara ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé ó túmọ̀ Orin Sólómọ́nì sí èdè tí àwọn ará ilé lè gbọ́. Ó lo ọdún tí ó lé ní mẹ́rin nínú ẹ̀wọ̀n kí a tó dá a sílẹ̀ ní 1576. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó padà sí iyàrá yìí, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ẹni pé àná ni òun dúró. Ní ọdún 1569, ní Basel ní ilẹ̀ Switzerland, ni a tẹ Bíbélì tí Casiodoro de Reina túmọ̀ sí èdè Sípéènì, nítorí ó ti sá kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè tí mo la òkun kọjá láti kọ́ ti jẹ́ èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń fi ojú kékeré wò rí níwájú èdè Látìn. Ní 1492 ni Antonio de Nebrija gbé ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní Salamanca yìí kan náà. Mo rántí Ajayi Crowther, tí a mú lẹ́rú ní 1821, tí ó sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní London ní 1843. Mo jókòó lórí pákó náà, ara mi kò sì balẹ̀.

Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí ni mo pàdé ọkùnrin kan nínú ọjà àárín ìlú, ọmọ Cuba, tí ń ta èso. Ó béèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí ó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó fi àwọn ọsàn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní wọ́n kó àwọn baba ńlá òun lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, àti pé ìyá àgbà òun fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń ka owó: ìyá, ilé, omi tutu. Ohùn wọn ti yẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Kò lè fi wọ́n ṣe gbólóhùn. Ní ọdún 1886 ni oko ẹrú dópin ní Cuba; ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ti ẹnu dé ẹnu láti ìgbà náà, láìsí ilé-ìwé, láìsí ìwé. Ó bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀kan kún un. Mo kọ́ ọ ní “ẹ káàbọ̀.” Ó sọ ọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

N kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà, nítorí ọmọkùnrin kan wá dúró níwájú mi nínú ọkàn mi. Ní ọdún kẹrin iṣẹ́ mi ni wọ́n mú un wá sí kíláàsì mi láti abúlé oko. Òfin kan wà nínú kíláàsì mi nígbà náà, èmi tìkára mi ni mo sì ṣe é: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èdè Yorùbá. Mo ní pátákó kékeré kan tí a so okùn mọ́. Ẹni tí ó bá rú òfin yóò gbé e kọ́ ọrùn títí di ìparí ẹ̀kọ́. Ọmọ yìí gbé e kọ́ ọrùn ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́n: ó dákẹ́. Ní ọjọ́ kan mo bi í ní ìbéèrè, kò dáhùn. Mo mú un dúró lórí àga, mo sì wí fún àwọn yòókù pé Ọlọ́run ti fi odi kan ta kíláàsì wa lọ́rẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé-ìwé ti ń pè é ní Odi. Kí sáà náà tó parí, kò wá mọ́. Mo fa igi sí ara orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpè, ó sì tán lọ́kàn mi. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó máa ń gbàgbé.

Mo padà sílé ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Ẹnu ni mo fi béèrè títí mo fi rí ọmọ náà. Ó ti di káfíńtà, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Bí ó ti rí mi, ó fi ayùn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Mo ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sá lọ bí ti ọ́fíìsì ọjọ́ náà. Mo kàn wí pé, “Mo wá bẹ̀ ọ́ nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́.” Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Sà,” ni ó wí, “àwọn kan ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ nínú ọjà yìí. Mi ò lè sọ fún yín pé mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ wá, ẹ sì ṣeun. Ọmọ mi yóò wọ ilé-ìwé yín ní ọdún méjì sí i. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni kí ẹ máa fi pè é.”

Mo ṣèlérí fún un. Ọmọ náà ti wọlé ní 2018, mo sì pa ìlérí náà mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, n kò wí pé kí a má kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni mo ń kọ́ wọn, ó sì wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n mo ti sun pátákó náà. Bí ọmọ kan bá ṣì í, mo máa ń gbọ́ ọ dé òpin, èmi a sì tún un sọ bí ó ti tọ́. Bí ọmọ kan bá dákẹ́, mo máa ń bi í léèrè bí bàbá rẹ̀ ti ń kọ ebè, kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí a tó jọ wá ọ̀nà tí a ó gbà sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, nígbà tí ẹnìkan nínú yín bá dìde tí ọ̀rọ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró dè é. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.